Òdo Mẹ́rin Níwájú Orúkọ Mi

Wálláhì, ẹni tó bá mọ èmi Wàsílátù aránṣọ ní Ìlá mọ̀ pé mi ò kì í pẹ́ bínú. Lọ́jọ́ tí mo ṣí fóònù tí mo rí òdo mẹ́rin níwájú orúkọ mi lójú òpó kọ́ọ̀sì wa, kíá ni mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo gun ọ̀kadà, ó di kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ọdún tí mo máa ṣe tán nìyí. Bí mo bá feèlì kọ́ọ̀sì yẹn, mi ò ní bá àwọn ẹgbẹ́ mi gbàwé ẹ̀rí, ilé ìwé tó ti ṣèlérí láti gbà mí síṣẹ́ tíṣà á sì mú ẹlòmíì. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ìyá ọlọ́mọ tó ń bá àwọn ọmọ tó lè bí jókòó ní kíláàsì!

Ọ̀gbẹ́ni Obed tó ń kọ́ wa ò ju àkọ́bí mi lọ, àmọ́ olùkọ́ ni olùkọ́ ń jẹ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà! Ẹ gbé òdo lé mi lórí bí ẹni tí ò fọwọ́ kan ìwé! Kí ni mo ṣe fún yín?”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ ò fi iṣẹ́ kankan ránṣẹ́ sí mi ni.”

“Èmi kẹ̀?”

Mo na fóònù mi sí i. Iṣẹ́ àṣetiléwá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó fún wa wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ mi ò tẹ bọ́tìnnì tó máa fi wọ́n ránṣẹ́. Ó bi mí pé kí ló dé.

“Ẹ̀yin lẹ ò tíì wò ó! Ta ló ń rán aṣọ parí kí aláṣọ tó wọ̀ ọ́ wò? Mo rò pé ẹ ń rí i lọ́dọ̀ yín, mo ń retí kí ẹ sọ ibi tí mo máa tú.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì. Ó ṣàlàyé pé òun ló ti sọ fún ẹ̀rọ pé bí ọjọ́ bá ti pé, kó fún ẹni tí ò bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní òdo. Ìbínú mi bá lọ, ẹkún dé.

Ẹlòmíì ì bá ní kí n máa lọ, pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Obed dìde, ó mú mi lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka wa.

“Ẹ̀bi mi ni, mà. Èmi ni mo ṣètò máàkì sórí ẹ̀rọ, mi ò sì fi bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ han Mọ́mì. Iṣẹ́ wọn ti wà lórí fóònù wọn kí ọjọ́ tó pé.”

Ọ̀gá yẹ déètì wò lára iṣẹ́ náà, ó ní kí Obed ṣí ojú òpó náà padà fún mi. Mo tẹ bọ́tìnnì, iṣẹ́ mi lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni Obed ti máàkì wọn. Èyí tó kẹ́yìn, mẹ́rin péré nínú mẹ́wàá! Mo fẹ́ bá a jà, àmọ́ lóòótọ́ ni mi ò dáhùn ìbéèrè kejì. Ẹ̀rọ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, mo yege. Alihamudulilahi!

Ẹni tá a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mo ní kí n kúnlẹ̀. Kí eékún mi tó kanlẹ̀, Obed ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi!”

Mo gbọ́wọ́ lé e lórí. “Ọmọ mi, ẹni tó máa gbèjà ẹ ò ní wọ́n ẹ láyé. Ìyá tó bí ẹ á jèrè ẹ.”

Ó ń ṣe àmín, kò tíì dìde nílẹ̀.