Ìtàn Fírísà Tí Mo Fi Ń Kọ́ Wọn Níṣẹ́

Èmi ni mo yọ wáyà fírísà. Ihò iná kan ṣoṣo ló wà nínú kíṣìnì ṣọ́ọ̀bù adìyẹ díndín wa nígbà náà, mo sì fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Mo lọ̀ ọ́ tán, mo wọ̀ ọ́, mo bá tèmi lọ. N kò rántí wáyà títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo dé, omi ẹran ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà. Mo nu ilẹ̀, mo ki wáyà padà sínú ihò iná, ẹran náà sì tún dì gbagidi. Lọ́jọ́ Ajé, a dín in, a tà á. Èèyàn mẹ́rìnlá ló gbé inú rírun dé ọsibítù.

Àwọn wolé-wolé ní ẹran náà ti yọ́ nínú fírísà kó tó tún dì, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn wa pa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, pe àwa méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹnì kejì mi ni adínran wa, Ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tí a ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń dín adìyẹ. Ó máa kọ́kọ́ dín in nínú òróró tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á jẹ́ kó sinmi, kó tó wá tún un dín nínú èyí tó gbóná janjan. Òun ló ń fa èrò wá.

Àǹtí ní, “Ta ló yọ wáyà fírísà?”

Mo ní, “Ẹ bi Ẹ̀ẹ̀mejì.”

Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló mú mi sọ ọ́. Oṣù mọ́kànlá ṣáájú ìgbà yẹn, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi lójú àwọn oníbàárà. Ó ní, “Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀ jàre! Ṣé aṣọ lò ń fọ̀ ni àbí adìyẹ lò ń dín?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi kì í gbàgbé nǹkan. Mo ṣì mọ àwọ̀ búláòsì tí obìnrin tó rẹ́rìn-ín pẹ́ jù wọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì búra títí ohùn rẹ̀ fi há. Àǹtí wò ó, ó wò mí. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni mí. Ó ní kí Ẹ̀ẹ̀mejì bọ́ épírónì sílẹ̀ kó máa lọ.

Nígbà tí a tún ṣí, Àǹtí kun wáyà fírísà ní ọ̀dà pupa, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nǹkan wá ń ṣẹnuure fún wa. A ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, ẹ̀kẹta lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa. Wọ́n ní ilé tiwọn, wọ́n ní òṣìṣẹ́ tiwọn; orúkọ wa àti bí a ṣe ń dín adìyẹ ni wọ́n fẹ́ gbà lò. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlélógójì ló ń jẹ́ orúkọ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni gbogbo wọn ń dín adìyẹ, pupa sì ni wáyà fírísà wọn.

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn tó bá fẹ́ gba orúkọ náà, ìtàn fírísà sì ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Àǹtí ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń sọ ọ́, a ò sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kan rí láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ tún irọ́ náà pa. Mo tiẹ̀ ti fi kún un. Mo máa ń ní adínran yẹn kì í tètè dé ibi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún mi láràárọ̀. Àwọn tí mò ń kọ́ á máa bú u, “Irú èèyàn wo nìyẹn!” Èmi á sì mi orí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wà láàárín àwọn mẹ́fà tí mò ń kọ́. Nígbà tí mo sọ ìtàn náà tán, ó dúró títí àwọn yòókù fi jáde.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Adínran yẹn, bàbá mi ni.”

Mo fìdí lé àga.

“Ẹ má bínú sí wa, sà. Títí di òní, wọ́n ṣì ń sọ pé àwọn kọ́. Títí màmá mi fi kú, wọn ò gba bàbá mi gbọ́. Èmi náà, kí n má purọ́, mi ò gbà wọ́n gbọ́. Mo kàn ní kí n wá fi ọwọ́ tèmi tún ohun tí wọ́n bàjẹ́ ṣe ni.”

“Bàbá rẹ ń kọ́?”

“Wọ́n wà, sà. Wọn kì í dín nǹkan kan mọ́. Ẹyin lásán, èmi ni mò ń dín in fún wọn.”

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní kó má pẹ́ dé lọ́la, nítorí a fẹ́ kọ́ nípa òróró.

Láàárọ̀ yìí, Àǹtí ń pè wọ́n wọlé níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá tọwọ́ bọ̀wé. Èmi náà jókòó tì í. Nígbà tó kan obìnrin náà, kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó sọ ẹni tó bí i. Àǹtí gbé bírò sílẹ̀.

“Ọmọ Ẹ̀ẹ̀mejì? Kí n tún wá gbé orúkọ mi lé ìdílé yẹn lọ́wọ́? Ó tì o!”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo ti kúrò níbi iṣẹ́ mi. Mo ti gba ilé, wọ́n ti ń fi ọ̀dà yín kun ògiri.”

“Kí wọ́n fi ọ̀dà míì kùn ún.”

Mo ní, “Àǹtí mi, ẹ ṣàánú rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà ju gbogbo wọn lọ.”

Àǹtí yíjú sí mi. “Ìwọ alágídí yìí? Ìwọ tí o ò kí ọkọ àbúrò wa fún ọdún mẹ́ta nítorí àga tó gbà lọ́wọ́ rẹ? Ìgbà wo lo di alágbàwí? Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ pé Ẹ̀ẹ̀mejì ni!”

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì. Ó ń tò wọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń kan etí wọn mọ́ tábìlì kí wọ́n lè ṣe déédéé.

Ó ní, “Kò burú, mà. Bàbá mi ló fà á.”

Mo dìde. Àǹtí rò pé mo fẹ́ jáde ni, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kí n lè kọjá.

Mo ní, “Àǹtí, kì í ṣe bàbá rẹ̀. Èmi ni mo yọ wáyà yẹn. Èmi ni.”