Àdíját Fẹ́ Fojú Rí Adágún Orí Òkè

Bàtà kánfáàsì tí Màmá Cecilia Ọdúntán yá lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fi ọṣẹ pa gìgísẹ̀, ó dìde, ó tún jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó lé òkété tí kò bá a. Nígbà tó sú u, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹsẹ̀ rèé àbí iṣu? Cecilia, ìwọ tó ń làágùn nídìí bàtà, ìwọ náà lo fẹ́ gun òkè!"

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àyà rẹ̀ ti ń já láti ọjọ́ tó ti la ẹnu gbàràmù rẹ̀ tó ṣèlérí fún Àdíját.

Àdíját ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ Òṣogbo ni, ọkọ ló gbé e wá sí Iléṣà, ẹnu ọ̀nà àwọn méjèèjì sì ti dojú kọ ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọnmọ. Cecilia á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, Àdíját á lọ sí mọ́ṣáláṣí, bí wọ́n bá dé, wọn á jọ jókòó máa fọ́ ẹ̀pà, wọn á sì máa sọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀. Àdíját á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé títí di òní, "ulé" ló ń pe ilé. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí kì í sú Cecilia í sọ: ìtàn òkè tó wà lẹ́yìn abúlé baba rẹ̀ lọ́nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Adágún méjì wà lórí òkè náà láàárín àpáta. Omi wọn tutù, ó mọ́ gaara, ojú ọ̀run á sì wọ inú rẹ̀ tán, tí àwọsánmà á máa rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn.

"Bí o bá wo inú rẹ̀," Cecilia á ní, "wàá rò pé o fẹ́ já bọ́ sókè."

Àfi ìgbà tí dókítà yẹ ojú Àdíját wò ní Òṣogbo. Wọ́n ní tòsì ti lọ, ọ̀tún sì ti ń tẹ̀ lé e. Oògùn kàn lè bá wọn bẹ̀ ẹ́ kó rọra máa lọ ni. Àdíját dé, kò sunkún. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Sẹ̀sí," bó ṣe máa ń pe Cecilia, "adágún rẹ yẹn. N ò fẹ́ kó parí sí etí mi. Mú mi lọ kí n fojú rí i nígbà tí ọ̀kan ṣì kù."

"Kíá!" ni Cecilia wí. Ẹnu ló ṣáájú. Wọn ò fi lọ orúnkún.

Nehemiah ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, gbọ́, ó sì pè é lórí fóònù.

"Màmá, àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ń dúró kẹ́ ẹ tó gùn ún tán."

"Ọlọ́run ni mò ń dúró bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀."

"Màmá, mi ò ṣàwàdà o. Ẹni tí ojú ń dùn lẹ fẹ́ wọ́ gun àpáta. Tí wọ́n bá já bọ́ ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ sọ fún Sàláúdéènì ọmọ wọn?"

Cecilia ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, ó pa fóònù. Ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè pa ọ̀rọ̀ náà. Bó bá ń ro ọbẹ̀, òkè ló ń rò. Bó bá kúnlẹ̀ àdúrà, òkè ló ń bá a ṣe "àmín". Ó ṣètò, ó tún ètò náà ṣe. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n máa lọ, nítorí àpáta máa ń yọ̀ lákòókò òjò. Wọ́n á gbéra ní ìdájí, wọ́n á rí adágún, wọ́n á jẹ mọ́ínmọ́ín níbẹ̀, wọ́n á sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Àkànó, ọkùnrin kan tó ń dá oko kòkó ní abúlé baba rẹ̀, ló máa ṣáájú wọn. Kò sì tó kí wọ́n bá Àkànó sọ ọ́ lórí fóònù. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ débẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́.

Bí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ ní abúlé, obìnrin méjì wà lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀kan jókòó sílẹ̀, èkejì ń dirun fún un. Àdíját na ọwọ́ sókè.

"Ẹ kú ọjà o! Á tà o!"

Onídìrí dá ìyarun dúró. Cecilia rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Ọjà wo? Orí ènìyàn ni wọ́n ń tà ni? 'Ojú gbooro' ni kí o wí, arúgbó yìí!"

"Oòrùn ló wọ̀ mí lójú," ni Àdíját wí, ó sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kọjá. Cecilia ṣì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nǹkan kan rìn ín nínú bí ìgbà tí èèrà bá wọ aṣọ ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò ṣeé bọ́ wò.

Àkànó gbé àga fún wọn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀. Ikùn ti ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àlejò. Ó fi ọwọ́ ti ògiri kó tó lè kúnlẹ̀. Cecilia ti gbé ife sẹ́nu kó tó ráyè kí i. Àdíját ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"O ṣeun, ìyàwó. Ìwọ tí ara rẹ fúyẹ́ báyìí, o ò ṣe bá wa gòkè lọ? Ìwọ lo máa bá mi ti Sẹ̀sí lẹ́yìn. Ọ̀rá rẹ̀ pọ̀."

Omi há Cecilia lọ́nà ọ̀fun. Ìyàwó Àkànó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó wo ọkọ rẹ̀. Àkànó wo Cecilia.

Àdíját rèé! Àdíját tí ewúrẹ́ lásán kò lè lóyún kọjá níwájú rẹ̀ kó má ṣàdúrà fún un! Oyún tó tó báyìí, kò sì ju ìnà ọwọ́ kan lọ sí i.

"Àwàdà ìyá àgbà ni, ìyàwó," ni Cecilia sáré wí. "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní ni o."

Bí Àdíját ti gbọ́ àdúrà náà, ife dúró sójú kan lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo obìnrin ló mọ ẹni tí wọ́n ń ṣe irú àdúrà bẹ́ẹ̀ fún. Ó rọra gbé ife kalẹ̀, ó fi ọwọ́ wá ilẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀.

"Àmín," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Àmín o, ìyàwó. Má bínú sí mi."

Cecilia nìkan ló bá Àkànó dé ìdí òkè. Wọ́n la oko kòkó kọjá, Àkànó sì na ọwọ́ sí ọ̀nà. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le. Òkúta ló kàn ga díẹ̀díẹ̀. Níbi tó ti kù díẹ̀ kí wọ́n dé adágún ni wàhálà wà: àpáta kan dà gẹ̀rẹ̀, kò sí igi tí ènìyàn lè dì mú, ọ̀gbun sì wà lápá ọ̀tún.

"Màmá, bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, a ó máa rọra gùn ún. Ṣùgbọ́n màmá kejì..." Ó họ orí. "Ẹ má bínú. Ènìyàn gbọ́dọ̀ rí ibi tó ń tẹ̀."

Nínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá padà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wọn, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Awakọ̀ gan-an bojú wẹ̀yìn, bóyá wọ́n ti já bọ́ lọ́nà.

Ilé Cecilia ni wọ́n bọ́ sí. Petẹ́ẹ̀sì ni, àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì wà níta. Àdíját jókòó sórí èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Láti ìgbà wo?" ni Cecilia bi í.

"Ó ti ń dín tipẹ́. Òjìji ni mò ń rí báyìí, àti ìmọ́lẹ̀. Ojú rẹ, àfi kí n rántí rẹ̀."

"O sì ń tàn mí jẹ!"

"Bí mo bá sọ fún ọ, o máa sọ fún Nehemiah, Nehemiah á sọ fún Sàláúdéènì, wọ́n á gbé mi jókòó sójú kan bí ìkòkò àmù." Àdíját gbójú sókè, ó fi ojú wá a. "Omi tí oòrùn bá ń tàn sí, màá rí i, Sẹ̀sí. Mo ṣì lè rí i. Bó bá di ọyẹ́ mìíràn, n ò mọ̀."

"Rárá" ti dé eyín Cecilia. Ó rí àpáta náà lọ́kàn rẹ̀, ó rí ọ̀gbun, ó rí Sàláúdéènì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó ń béèrè ìyá rẹ̀.

"Àdí, báwo lo ṣe fẹ́ gun ibi tí o ò rí?"

Àdíját yí ẹ̀yìn sí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ èyí tó wà lókè, ó sì gbé ìdí lé e. Ó tún tẹ èyí tó tẹ̀ lé e, ó tún gbé ìdí lé e. Báyìí ló ń fẹ̀yìn rìn lọ sókè, ẹsẹ̀ ń tì í, ọwọ́ ń wá ọ̀nà, kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan.

"Bí mo ṣe ń ṣe nílé mi nìyí bí kò bá sẹ́ni tó ń wò mí," ló wí. "Ojú mi ló ń fọ́. Ìdí mi ò fọ́jú."

Cecilia rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́, kò sì mọ ìgbà tí omijé náà kúrò ní ti ẹ̀rín. Òun náà jókòó. Ìdí tirẹ̀ kún àtẹ̀gùn láti ògiri dé ògiri.

"Olúwa mi, mo ti há! Àdí, dúró dè mí. Ìsàlẹ̀ rẹ lèmi máa wà. Bí o bá yọ̀, orí mi lo máa bọ́ sí, tìmùtìmù ni mí."

Wọ́n dé òkè. Cecilia ń mí bí ẹ̀rọ ìlọta, orúnkún ń ta á, àyà rẹ̀ kò sì yé já. Àtẹ̀gùn ilé lèyí. Kò sí ọ̀gbun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Sẹ̀sí," ni Àdíját wí jẹ́jẹ́, "bí mo bá débẹ̀ tí n ò rí nǹkan kan ńkọ́?"

Cecilia di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú.

"Màá tì ọ́ sínú rẹ̀. Bí ojú ò bá rí i, ara á mọ̀ pé òun débẹ̀."

"N ò mọ̀wẹ̀."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Ó yọ fóònù, ó pe Àkànó. "Àwa méjèèjì là ń bọ̀ o. Wá ẹnì kan kún ara rẹ, kí ọ̀kan wà lókè wa, kí ọ̀kan wà nísàlẹ̀. Tí a bá dé ìdí àpáta yẹn, a ó jókòó, a ó máa fi ìdí wọ́ ọ."

Àkànó ní, "Màmá, ẹ̀rù ń bà mí o."

"Ó ń ba èmi náà," ni Cecilia wí. "Mú okùn dání."