Ọjọ́ Tí Wọ́n Dáná Ilé Ìwẹ̀ Kẹ́yìn

Nígbà tí Ezzatollah oníoyin kú, ohun tó fi sílẹ̀ fún aya rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kò pọ̀: ilé tí wọ́n ń gbé, àwọn ilé oyin tó tò sí ẹsẹ̀ òkè, àti ilé ìwẹ̀ àtijọ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wọn ní ìlú Khansar. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ló kọ́ ilé ìwẹ̀ yìí, gbogbo àdúgbò ló sì ń wẹ̀ níbẹ̀ kí omi gbígbóná tó wọ ilé olúkúlùkù. Nígbà tí omi wọlé tán, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ẹyẹlé nìkan ló kù tó ń gba ojú gíláàsì òrùlé tó fọ́ wọlé.

Farhang, ọmọ náà, ní òun yóò sọ ọ́ di ilé oúnjẹ. Ó ní òun yóò fi pákó bo adágún, òun yóò tẹ́ ẹní aláràbarà lé e, òun yóò fi àtùpà kọ́, àwọn tó ń wá wo òdòdó orí òkè nígbà ìrúwé yóò sì máa wá jẹ ẹran sísun níbẹ̀. Mahsoltan, ìyá rẹ̀, gbọ́ ọ dé òpin, kò bá a jà. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún mọ̀ pé ilé tí ènìyàn kò bá lò, nǹkan mìíràn ni yóò lò ó. Ohun kan péré ló tọrọ. Ó ní kí wọ́n tó kan pákó, kí wọ́n dáná ilé ìwẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àwọn obìnrin àdúgbò tó kù láyé wá wẹ̀ níbẹ̀.

Farhang kò fẹ́. Ó ní ó ti lé ní ogún ọdún tí iná ti wọ ààrò yẹn kẹ́yìn, èéfín lè pa ènìyàn, àgbàlagbà lè yọ̀ ṣubú, àti pé ta ni kò ní ibi ìwẹ̀ nílé rẹ̀?

Ìyá rẹ̀ ní, “Farhang, ọjọ́ tí ìbí rẹ pé ogójì ọjọ́, ibẹ̀ ni mo gbé ọ lọ. Obìnrin tó da omi lé ọ lórí, o tọ̀ sí i láyà. Ṣé ibi tí ìwọ ti tọ̀ sí ènìyàn láyà ni èmi ò ní lè wẹ̀ sí mọ́?”

Laleh, aya Farhang, bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá kejì. Bí aya ọkùnrin bá ti rẹ́rìn-ín sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ti tán. Farhang pe àwọn bíríkìlà, wọ́n gbá ihò èéfín, wọ́n kó ìtẹ́ ẹyẹlé kúrò, wọ́n dí ibi tó ń jò, wọ́n sì dáná. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kejì, omi ti ń hó.

Mahsoltan fúnra rẹ̀ ló ń pe àwọn obìnrin náà lórí fóònù. Púpọ̀ nínú wọn ti kú. Àwọn mìíràn, àwọn ọmọ wọn ló gbé fóònù, wọ́n ní orúnkún màmá àwọn kò gbà. Aqdas ní òun ń bọ̀ bí wọ́n bá tilẹ̀ máa fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tì òun. Shokat ló pè gbẹ̀yìn, nítorí pé ti Shokat kò rọrùn fún un rí.

Àwọn méjèèjì jọ dàgbà ní òpópó kan náà ni. Ọjọ́bọ̀ kì í kọjá kí wọ́n má tẹ̀lé àwọn ìyá wọn lọ sí ilé ìwẹ̀. Láyé ìgbà náà, ibẹ̀ ni ìyá tó ní ọmọkùnrin ti ń wá aya fún un. Kò sí ẹni tí yóò fi aṣọ bo àlébù mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìyá náà á jókòó sí etí adágún bí ẹni tó ń fọ irun, ojú rẹ̀ á sì máa tọ ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ. Bẹ́ẹ̀ ni Bibi Sharaf, ìyá Ezzatollah, ṣe wá lọ́jọ́ kan nígbà òtútù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n gbé odidi ìtì ṣúgà tí wọ́n fi ń tọrọ ìyàwó wá sí ilé àwọn Mahsoltan. Orí rẹ̀ wú. Irun rẹ̀ gùn dé orúnkún nígbà náà, ó sì dá a lójú pé irun náà ló fa ojú Bibi Sharaf.

Kò tíì pé ọdún kan nílé ọkọ tó fi jẹ́ kí ìrẹsì jóná lọ́jọ́ tí wọ́n ní àlejò. Bibi Sharaf ṣí ìkòkò wò, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ìwọ kọ́ ni mo kúkú bá wá lọ́jọ́sí. Shokat ni mo wá wò.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tún un sọ títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Mahsoltan ti ń rántí bí ìyá tirẹ̀ ṣe tú irun òun sílẹ̀ gan-an lójú Bibi Sharaf nílé ìwẹ̀, tó fi gbogbo rẹ̀ bo ẹ̀yìn òun. Ó wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé irun yẹn ló gba ọkọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun.

Ká ní ọkọ náà burú ni, ì bá sàn. Ezzatollah kò burú. Láàárọ̀ ìgbà òtútù, ó máa ń gbé bàtà aya rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iná kí ó tó jí. Bí ó bá ti òkè dé, afárá oyin àkọ́kọ́, òun ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í sí i lẹ́nu. Shokat ní tirẹ̀ fẹ́ Sirus awakọ̀ akẹ́rù, ọkùnrin tó rẹwà tó ẹni tí ń bọ̀ lójú àlá. Lẹ́yìn ọmọ kẹta, Sirus kó ẹrù lọ sí etíkun gúúsù, kò padà. Ìròyìn ló padà, pé ó ti nílé mìíràn níbẹ̀. Shokat bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìbora òwú fún ará ìlú títí ìka rẹ̀ fi wọ́, ó sì fi tọ́ àwọn ọmọ náà yanjú.

Nítorí náà ni abọ́ ṣe ń ti ilé Mahsoltan lọ sí ilé Shokat láti ìgbà náà wá. Bí wọ́n bá se ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ewébẹ̀, abọ́ kan á lọ. Bí ó bá di ìgbà ààwẹ̀, bí wọ́n bá fa oyin tuntun, abọ́ á lọ. Kò sì sọ oore ọkọ rẹ̀ létí Shokat rí. Bí Shokat bá bi í pé Ezzatollah ńkọ́, á ní, “Ó wà ńbẹ̀.” Nígbà tí ọkùnrin náà kú tí Shokat wá jókòó tì í, ńṣe ló ń gbé ẹkún mì, kí ó má baà dà bí ẹni tó ń fi ohun tó ní yangàn fún ẹni tí kò ní.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n dá, àwọn obìnrin náà dé pẹ̀lú ìdì aṣọ lábẹ́ apá, bí ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀, wọ́n ń di ògiri mú. Òórùn èéfín igi, ti ẹfun tútù àti ti làálì pàdé wọn lọ́nà. Nígbà tí wọ́n wọ inú iyàrá gbígbóná, tí wọ́n rí bí oòrùn ṣe ń gba àwọn ojú gíláàsì òrùlé sọ̀ kalẹ̀ sínú ooru omi, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ń wò ó. Obìnrin kan jókòó sórí òkúta tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí, ó ń sunkún, àfìgbà tí Aqdas da igbá omi lé e lórí.

Ìgbà náà ni ẹnu tó là. Wọ́n bi Aqdas pé ìdí tó fi ń gba òkúta ènìyàn mẹ́ta lọ́jọ́sí dà. Aqdas ní òun ti pín in fún àwọn ọmọ òun obìnrin, kí wọ́n lọ wò ó lára wọn. Ẹnì kan dá orin tí wọ́n máa ń kọ bí wọ́n bá ń wẹ ìyàwó tuntun, òrùlé gba orin náà, ó sì fi ohùn ọmọge dá a padà fún wọn.

Shokat wọ ìbọ̀wọ́ onírun tí wọ́n fi ń ha ara, ó jókòó sẹ́yìn Mahsoltan, ó ń ha á lẹ́yìn.

“Ìyá Farhang, ṣé omi ilé yín kì í yọ ni? Ìdọ̀tí ìgbà tí ọba ṣì wà lórí ìtẹ́ ló ń ṣí lára rẹ yìí.”

“Rọra, kì í ṣe ìbora lò ń rán.”

Shokat rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ibi òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún. Ó sọ ọ́ fún gbogbo wọn, bí ẹni tó fẹ́ dá àwọn ènìyàn lára yá: “Ẹ wo ibẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti tiro fún Bibi Sharaf.”

Mahsoltan yí orí padà. “O ṣe kí ni?”

“Mo tiro.”

Ó sì dìde láti ṣe é. Ó gbé igbá bàbà sí ìbàdí, ó wọ́ ẹsẹ̀ kan láti òpó dé etí omi, ìdí rẹ̀ ń lọ sókè-sódò, àwọn obìnrin ń di ara wọn mú fún ẹ̀rín. Ó ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ìyá òun ti sọ fún òun pé Bibi Sharaf ń bọ̀ wá wo òun. Òun sì ti rí Ezzatollah lọ́jà, etí rẹ̀ yọ síta bí ọwọ́ ìkòkò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fèrè ọkọ̀ Sirus ti ń dùn lọ́kàn òun nígbà náà. Òun kò tó ẹni tí ń sọ fún bàbá òun pé òun kò fẹ́. Nígbà tí Bibi Sharaf bi òun pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ òun, òun ní bí wọ́n ṣe bí òun nìyẹn. Ìyá arúgbó náà gbé ojú kúrò lára òun, ibi tí ojú náà sì balẹ̀ sí ni irun Mahsoltan.

“Ìyá mi nà mí nígbà tí a délé,” ni Shokat fi parí rẹ̀, “títí mo fi tiro ní tòótọ́.”

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, àfi Mahsoltan. Ó mú etí òkúta tó jókòó lé mọ́wọ́.

“Èmi rò pé mo gbà á lọ́wọ́ rẹ ni,” ló wí. “Bibi Sharaf sọ fún mi pé ìwọ ni òun bá wá. Láti ọdún tí mo wọlé ọkọ.”

Shokat jókòó padà wẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ń ro àwọn abọ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Gbà á? Mahsol, mo sá fún un ni.”

Ó yẹ kí ara Mahsoltan fúyẹ́. Ìbínú ló kọ́kọ́ dé. Ọkùnrin dáadáa bẹ́ẹ̀, ẹnì kan wò ó lọ́jà, ó sì kọ̀ ọ́ nítorí etí.

“Etí yẹn ló fi ń gbọ́ mi,” ló wí. “Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan láàárọ̀, bó ti wù kó kéré tó, ó ń rántí rẹ̀ lálẹ́.”

Ẹ̀rín dá. Omi ń kán láti òrùlé. Shokat bọ́ ìbọ̀wọ́ náà lọ́wọ́, ó ń fún omi inú rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀.

“Etí Sirus kéré, ó rẹwà bí etí ọmọ ọwọ́,” ló wí. “Kò fi gbọ́ nǹkan kan rí.”

Mahsoltan wá sunkún. Ẹkún tí kò sun dáadáa nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ló sun níbẹ̀, lójú Shokat, Shokat sì ń da omi gbígbóná sí i léjìká títí ó fi dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n jáde sí iyàrá ìsinmi, tí wọ́n we ara wọn mọ́ aṣọ pupa, tí wọ́n ń mu omi oyin kíkan tí wọ́n fi ewé míńtì sí, Mahsoltan bi Shokat pé kí ló rò pé òun ń gbé abọ́ wá fún láti ọjọ́ yìí wá.

Shokat ní òun rò pé kò mọ bí a ṣe ń se oúnjẹ kékeré ni.

“Ṣé kí n dá a dúró?”

“Ta ló ní kí o dá a dúró? Dín àlùbọ́sà kù.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà dé. Ilé oúnjẹ náà ṣí nígbà ìwọ́wé, ó sì rẹwà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò rẹwà. Farhang mú ìyá rẹ̀ àti Shokat jókòó síbi tó dára jù. Àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò ara wọn lábẹ́ òpó, ọkùnrin kan ń ta gìtá olókùn tín-ín-rín ní kọ̀rọ̀. Mahsoltan ń wá òórùn ẹfun tútù, òórùn ẹran sísun ló gbọ́. Ó wo pákó tí wọ́n tẹ́, ó mọ ibi tí omi wà lábẹ́ rẹ̀, ó mọ ibi tí òkúta ìyá òun wà. Ọkàn rẹ̀ fà sí i bíi ti ẹni tó rí aṣọ ara rẹ̀ lọ́rùn ẹlòmíràn.

Shokat ní ẹran náà le. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìka tó wọ́ fa tíì rẹ̀ mọ́ra.

“Sọ ti Ezzatollah fún mi,” ló wí. “O ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ rí.”

Mahsoltan kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ṣúgà kan sẹ́nu, ó mu tíì gbà á kọjá. Ó wá rántí ọdún tí yìnyín bò wọ́n dé fèrèsé, tí ilẹ̀kùn kò ṣí, tí ọkùnrin náà gun orí òrùlé pẹ̀lú ṣọ́bìrì nítorí pé òun sọ pé ọsàn ń wu òun jẹ, oyún Farhang sì wà nínú òun.

“Ọsàn?” ni Shokat wí. “Nínú yìnyín?”

“Nínú yìnyín,” ni Mahsoltan dáhùn. Ó sún mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.