Ẹ̀jẹ̀ Limota

Fóònù Limota ń dún, ṣùgbọ́n àpò Yínúsà, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ti ń dún. Ọjọ́ tí wọ́n sin Suleiman, ọkọ rẹ̀, ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní opó kì í bá ará òde sọ̀rọ̀. Yínúsà fi í sí sípíkà. Láti orí ẹní tí Limota jókòó sí ní yàrá ẹ̀yìn, ó dá ohùn Theresa, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn Ìkàrẹ́, mọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ bá Màmá Jamilah sọ̀rọ̀."

"Opó ni wọ́n. Èmi ni olórí ilé, ẹ sọ ọ́ fún mi."

Nọ́ọ̀sì náà ní, "Ẹ ní kí wọ́n tètè máa bọ̀, sà. A rí nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kò sì gbọdọ̀ pẹ́."

Nǹkan oṣù Limota ti dá láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára rẹ̀. Òun ló gbé e dé Ìkàrẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Theresa ti là á yé e pé bí jẹjẹrẹ bá wà ní ọrùn ilé-ọmọ, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè já, kó máa bá ẹ̀jẹ̀ rìn káàkiri, àti pé àyẹ̀wò tuntun kan wà tí wọ́n ń dán wò, tó lè rí i nínú ẹ̀jẹ̀; wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á bu díẹ̀ lára ọrùn ilé-ọmọ náà láti fi mọ̀ dájú, kí ìtọ́jú lè bẹ̀rẹ̀.

Yínúsà pa fóònù, ó kọjú sí àwọn ará ilé. "Ṣé gbogbo yín gbọ́? Ohun burúkú wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀! Abájọ tí ẹ̀gbọ́n mi fi kú!"

Mọ́tò ló pa Suleiman lójú ọ̀nà Ṣúpárè, ìṣojú gbogbo ayé ló sì ṣe. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì pè ni àwọn ìyàwó ilé ti ń fi ẹsẹ̀ ti àwo oúnjẹ sí Limota.

Jamilah, ọmọ rẹ̀, sá tọ ààfáà lọ. Ààfáà ní, "Ọlọ́run ò ní kí opó jókòó sílé kú. Ẹ gbé e lọ gba ìtọ́jú."

Yínúsà rẹ́rìn-ín. "Ààfáà ló ni mọ́ṣáláṣí, èmi ni mo ni ilé yìí. Bí ìyá ẹ bá jáde kí opó tó pé, kó má padà wá. Ìwọ náà, kó o tẹ̀lé e."

Limota wo ọmọ náà. Níbo ni yóò sùn? Ó gbé ìbànújẹ́ mì, ó sì jókòó. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹ̀jẹ̀ ń rin aṣọ, ṣùgbọ́n dúdú ni aṣọ opó. Kò sẹ́ni tó rí i.

Nígbà tí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá pé, Yínúsà fúnra rẹ̀ ló háyà mọ́tò lọ sí Ìkàrẹ́. Theresa wo Limota títí kó tó mọ̀ ọ́n. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì wo àwòrán inú rẹ̀ tí wọ́n yà.

"Ó ti kọjá ọrùn ilé-ọmọ, Màmá. Ó ti dé ẹ̀dọ̀. Ká ní ẹ wá nígbà tí a pè yín, ì bá ṣeé wò. Kí ló dá yín dúró?"

Limota la ẹnu. Ṣùgbọ́n olórí ilé ló kọ́kọ́ dáhùn.

"Ó ń ṣe opó ni, dókítà. A ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe é ni."