Awakùsà Tó Ń Tẹ̀lé Bọ́ọ̀sì Ọmọ Rẹ̀

Gbogbo ará àdúgbò ló mọ̀ pé orí Ewald Pyka kì í gba ọ̀rọ̀ bọ̀rọ̀. Bó bá ti gbé nǹkan sọ́kàn, ẹ bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn ẹyẹlé rẹ̀, á máa mi orí bí ẹni tó gbọ́, lẹ́yìn náà á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Aurelia, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ló jogún ìwà yẹn jù, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi máa ń kàn bí àgbò. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yìí, ọmọ ló kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀. Ohun tó sì mú kó juwọ́ sílẹ̀ ni pé bàbá rẹ̀ kò rí oorun sùn mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ò ju báyìí lọ. Ìlú wọn, tó jẹ́ pé èédú ló ti ń bọ́ ọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ra àwọn bọ́ọ̀sì tuntun tí kì í mu dísẹ́ẹ̀lì, tí kì í mu bẹntiróòlù. Gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní háídírójìn ló wà nínú àwọn àgbá gbọọrọ tí wọ́n dè mọ́ òrùlé wọn, ooru omi lásán ló sì ń jáde nídìí wọn. Aurelia wà lára àwọn awakọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi wọ́n lé lọ́wọ́. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀sì náà débi pé kò ní jẹ kúlúsíkì, òkèlè ànàmọ́ ìlú wọn, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kó má sọ bó ṣe ń gun òkè ilé ìwòsàn láìpariwo, tí àwọn ìyá àgbà tó wọ̀ ọ́ sì ń gbọ́ ohùn ara wọn kedere. Bàbá rẹ̀ á kàn gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀ ni, á ní gáàsì ni gáàsì ń jẹ́, ibi yòówù kí wọ́n dè é mọ́.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Awakùsà ni, abẹ́ ilẹ̀ ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, gáàsì tó kóra jọ sábẹ́ òrùlé ihò tí wọ́n ti ń wa èédú gbiná lójijì. Ewald ṣe ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo awakùsà: ó dojú bolẹ̀, ó fi apá méjèèjì bo orí, iná sì gba òkè rẹ̀ kọjá. Gerard, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, wà lórí ìdúró. Wọ́n gbé Ewald jáde láàyè, wọ́n sì gbé Gerard jáde nínú aṣọ funfun. Láti ọjọ́ náà, bó bá wọ ilé ẹnikẹ́ni, àjà ló kọ́kọ́ máa ń wò kó tó kí onílé. Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọmọ tirẹ̀ wá lọ jókòó sábẹ́ ejò náà, ó ń wà á kiri ìlú.

Ewald bẹ̀ ẹ́, ó bá a jà, ó fi ọjọ́ púpọ̀ yan odì. Nígbà tó di pé ojú rẹ̀ wọnú, tó ń rìn kiri ilé bí òkú, Aurelia ní kò burú, bí ọdún Báábárà Mímọ́ bá ti dé, ẹni mímọ́ tí àwọn awakùsà ń ké pè, òun á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá, ó sunkún. Ewald gbọ́ ẹkún náà láti ìdí ògiri. Inú rẹ̀ ò dùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó sàn kí ọmọ ẹni máa sunkún ju kí ẹni máa sunkún ọmọ lọ.

Àmọ́ ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ọdún Báábárà tó dé, Ewald kì í sì í ṣe ẹni tí í káwọ́ gbera. Ó wọ́ ọkọ̀ pupa rẹ̀ àtijọ́ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé bọ́ọ̀sì. Bí Aurelia bá ti gbéra níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, ẹ ó rí ọkọ̀ pupa kékeré náà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń sáré bó bá sáré, tó ń dúró bó bá dúró. Àwọn ìyá àgbà inú bọ́ọ̀sì fi ṣe ẹlẹ́yà títí. Wọ́n ní, "Aurelia, àfẹ́sọ́nà rẹ mà tún ti dé o." Ojú a máa ti ọmọ náà, ṣùgbọ́n kì í sọ nǹkan kan, torí ó mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń da ọkùnrin náà láàmú.

Ewald gbé ìgò apaná sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó gbé kúbùsù sẹ́yìn, ó sì tún fi kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kan sínú búùtù, nítorí pé gééjì epo ọkọ̀ náà ti kú, kò sì fẹ́ kí epo tán mọ́ òun lọ́wọ́ kí bọ́ọ̀sì wá fi òun sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi í pé kí ni kẹ́ẹ̀gì ń wá níbẹ̀. Òun náà ò bi ara rẹ̀. Ṣé bẹntiróòlù ni, ta ni í bẹ̀rù ohun tó ti mọ̀ láti kékeré?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an, bọ́ọ̀sì gun òkè ilé ìwòsàn, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kó lè já èrò. Ooru omi tó máa ń jáde nídìí rẹ̀ ki lọ́jọ́ náà nítorí òtútù, ó funfun báláú, ó bo ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì pátápátá. Ewald, tó ń bọ̀ lẹ́yìn, wí nínú ara rẹ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀, gáàsì ti ń jò. Ó gbójú sókè wo òrùlé bọ́ọ̀sì. Ibi tó ti ń wo òkè ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣi bíréèkì, èyí tó ń mú ọkọ̀ sáré ló tẹ̀, ó sì lọ fi imú ọkọ̀ sọ ìdí bọ́ọ̀sì.

Bọ́ọ̀sì kàn mì ni. Ọkọ̀ pupa ló run níwájú. Páìpù tó ń gbé epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì já, bẹntiróòlù tú dà sórí irin gbígbóná, iná sì sọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Aurelia kò mọ ẹni tó kọlu òun. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe: ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ó kó àwọn èrò lọ sínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti èyí tó ń wá àpò, ó fa èyí tó ń ṣe àmì àgbélébùú sára. Ìgbà tó bojú wẹ̀yìn ló tó rí ọkọ̀ pupa. Ó sáré padà sísàlẹ̀.

Ewald ti bọ́ sílẹ̀. Ó ti fọ́n gbogbo ohun tó wà nínú ìgò apaná sára iná, ìgò tán, iná ò kú. Ìgbà náà ló rántí búùtù. Ó ṣí i, ó wọ́ kẹ́ẹ̀gì jáde, ó fẹ́ gbé e jìnnà. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì ti sán nígbà tí ọkọ̀ kọlu ọkọ̀, bó sì ṣe ń wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀ òkè ló ń ta epo sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀.

Lójú ẹsẹ̀ ni ariwo sọ lókè. Ooru iná ọkọ̀ pupa ti dé ara àgbá bọ́ọ̀sì, ẹnu ihò ààbò wọn sì ṣí fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é kí àgbá má bàa bẹ́, gáàsì ń tú jáde kíkankíkan. Ewald ti gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí láyé rẹ̀. Kò dúró rò ó. Ó ju kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀ sójú títì, ó fi apá méjèèjì bo orí.

Awakùsà nìkan ló lè ṣe àṣìṣe yìí. Lábẹ́ ilẹ̀, òkè ni iná ń gbà, ẹni tó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ ló lè yè. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù kì í fò, ilẹ̀ ló ń rìn. Èyí tó ń jò lára ọkọ̀ ń ṣàn bọ̀ látòkè pẹ̀lú iná lórí, èyí tó ń tú nínú kẹ́ẹ̀gì sì ti rin aṣọ Ewald níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà iná gan-an, ó ń dúró de iná mìíràn tó rò pé ó ń bọ̀ látòkè.

"Bàbá, ẹ dìde!" ni Aurelia ń ké bọ̀. "Ilẹ̀ ni iná wà! Ẹ dìde!"

Ewald gbé orí díẹ̀. Ó rí ọmọ rẹ̀ lórí ìdúró, lábẹ́ ariwo gáàsì, Gerard ló sì rí. "Dojú bolẹ̀!" ló ń pariwo. "Aurelia, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, dojú bolẹ̀!"

Aurelia dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbá a lọ́rùn aṣọ mú, ó wọ́ ọ bí ẹní wọ́ àpò ànàmọ́. Iná ti mú ẹsẹ̀ ṣòkòtò Ewald kó tó gbé e dé orí koríko ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ara rẹ̀ ni Aurelia fi gbá a pa.

Wọ́n wá yíjú padà. Ohun tí Ewald ti ń retí nínú àlá láti ọjọ́ pípẹ́ wà níwájú rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan. Lókè bọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n bí ìgbà tí oòrùn bá mú lórí irin, iná kan tí ojú ń wá tì wà níbẹ̀, ó dojú kọ ojú ọ̀run. Kò pẹ́ tí ariwo náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ bíi ti kẹ́tùlù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ó dákẹ́. Ó parí. Ọkọ̀ pupa àti kẹ́ẹ̀gì ṣì ń jó nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì, èéfín dúdú bo gbogbo òkè, títí àwọn panápaná fi dé tí wọ́n da ìfóòfó lé e lórí.

Olórí àwọn panápaná náà jókòó ti Ewald nígbà tí wọ́n ń di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ewald bi í pé níbo ni gáàsì wà.

"Ó ti lọ, Bàbá. Kò sí ohun tó fúyẹ́ tó o, kì í dúró ti ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ inú ilé tí kò ní ojú ihò lókè ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ihò sórí òrùlé ilé tí bọ́ọ̀sì wọ̀nyí ń sùn. Iná kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. Bẹntiróòlù yín ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín."

Ta ló tún fẹ́ kọ́ Ewald pé òkè ni gáàsì ń lọ? Láti ọdún tó ti pẹ́ ló ti mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ ilẹ̀, àpáta ló wà lókè tó ń sọ fún un pé kò ní kọjá, ibẹ̀ ló ti ń kóra jọ de ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ló kan òrùlé sójú ọ̀run? Ó wo òkè, kò rí àjà kankan. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Iná tó ń bẹ̀rù fún ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dì í sínú búùtù, tó ń gbé e tẹ̀lé e káàkiri.

Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Ojoojúmọ́ ni Aurelia ń wá, òun náà pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó gbé ọbẹ̀ wá fún un, ó ń fi ọwọ́ òsì bù ú sí i lẹ́nu torí ọ̀tún kò tíì jinná. Ewald jẹ díẹ̀, ó sì di ọwọ́ náà mú.

"Ọjọ́ tí Gerard kú ni mo ti dojú bolẹ̀, ọmọ mi. Wọ́n gbé mi jáde, mo ń jẹ, mo ń mu, mo ń tọ́jú ẹyẹlé, ṣùgbọ́n mi ò tíì dìde. Inú ń bí mi sí Ọlọ́run pé èmi ló dá sí. Ìwọ lo gbé mi dìde."

Aurelia gbé àwo ọbẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ mà wúwo gan-an, Bàbá."

Ewald rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ó ní kó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, kó sọ fún un pé kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ mọ́. Aurelia ní bí Bàbá bá tún ń tẹ̀lé òun ńkọ́. Ewald ní inú bọ́ọ̀sì lòun á ti máa tẹ̀lé e. Ọmọbìnrin náà fi ojú bo kúbùsù ibùsùn, ó sunkún bó ṣe sun ún lọ́jọ́ tó ṣèlérí, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ẹkún kan náà, Ewald sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Báábárà Mímọ́, Ewald wọ aṣọ dúdú awakùsà rẹ̀ tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán, ó dé fìlà oníyẹ̀ẹ́ tí àwọn awakùsà ń dé lọ́jọ́ ọdún, ó tiro wọ bọ́ọ̀sì ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó jókòó lẹ́yìn awakọ̀, lábẹ́ àgbá gan-an. Kò wo òkè. Ó wo ọwọ́ Aurelia lórí ìdarí ọkọ̀, àpá iná pupa lẹ́yìn ọwọ́ náà, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí wọ́n fi gun òkè. Ìyá àgbà kan tó jókòó ní tòsí rẹ̀ gbọ́ orúkọ Gerard lẹ́nu rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn awakùsà yòókù ti tò sílẹ̀ níta pẹ̀lú àsíá wọn, wọ́n ń retí rẹ̀. Ewald bọ́ sílẹ̀, ó yíjú padà sí ẹnu ilẹ̀kùn. Awakùsà kì í ṣí fìlà náà fún ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, bó ti wù kí onítọ̀hún ga tó. Ó ṣí i, ó gbé e sáyà, ó tẹrí ba fún ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀.

"O ṣé, ọmọ mi," ló wí.

Àwọn tó tò sílẹ̀ náà wò ó, wọ́n wo awakọ̀ tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣí fìlà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn ṣí i.