Ọ̀wẹ̀ Àna

Ọjọ́bọ̀ ni lẹ́tà náà dé, Ọjọ́rú lọjọ́ méje òfin ti pé. Ọláoyè, akọ̀wé káńsù, àfẹ́sọ́nà Mosúnmọ́lá, ló mú un wá fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ọmọbìnrin náà, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ òun.

Mosúnmọ́lá kà á sókè. Ilé bàbá rẹ̀ tí katakata wó ní Fájuyì nítorí títì tí wọ́n fẹ́ là, ọjọ́ méje ni onílé ní láti fi kó àwókù rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá gba ìwé àṣẹ lè kó o, kó fi kọ́lé tàbí kó fi dí kòtò.

"Páànù mi ti lọ nìyẹn?" ni ìyá rẹ̀ béèrè. Páànù yẹn àti búlọ́ọ̀kù yẹn ló fẹ́ fi kọ́ yàrá méjì, kó lè kúrò ní kọ̀rọ̀ ilé àbúrò rẹ̀ tí wọ́n sá wọ̀ sí.

"Ẹ má bínú, Màmá. Òfin ò mọ ojú ẹnì kan."

Mosúnmọ́lá wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà náà: ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó jáde.

Ní Fájuyì, ilẹ̀ ti mọ́ fefe, àfi bí ẹni pé ilé kan ò sí níbẹ̀ rí. Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò wọn, ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lókèèrè.

"Ìyàwó, o mà rọ́kọ fẹ́ o. Láàárọ̀ yìí ni Ọláoyè kó ọ̀rẹ́ mẹ́fà wá ṣọ̀wẹ̀ àna fún ìyá rẹ. Ọkọ̀ tipa méjì ni wọ́n kún. Èmi ni mo fún wọn lómi mu. Níbo lẹ wá fẹ́ kọ́ ilé náà sí?"

"Ẹ ò bi wọ́n léèrè?"

"Ọkọ mi fẹ́ bi wọ́n. Mo ní kó má dójú ti àna ẹlẹ́ni."

Mosúnmọ́lá wọkọ̀ lọ sí Ìgèdè, níbi tí Ọláoyè ti ń kọ́lé. Ọkùnrin náà ti ní kò gbọdọ̀ débẹ̀ títí wọn yóò fi kanlé. Mosúnmọ́lá náà ti ń lálàá fèrèsé rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ó tilẹ̀ ti mọ ibi tí yóò jókòó sí kàwé. Páànù bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, tí wọ́n fi ti igi máńgòrò. Ó wo inú ìpìlẹ̀. Sìmẹ́ǹtì iwájú ilé wọn tí wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí wà níbẹ̀, ó ti là sí méjì: AKÍNYẸLÉ lápá kan, 1954 lápá kejì. Àwọn ọ̀rẹ́ Ọláoyè ń fi ọmọ odó gún un mọ́lẹ̀.

Ó jókòó sórí páànù náà títí Ọláoyè fi dé.

"Ta ló ní kó o wá síbí?"

"Ìyá Bọ́sẹ̀ ń kí ọ. Ó ní ọ̀wẹ̀ rẹ dáa."

Ọláoyè fa ìwé àṣẹ kan yọ. "Òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀. Òfin ni mo tẹ̀ lé. Mosún, ilé wa náà ṣáà ni. Bàbá rẹ ló ń gbé wa ró yẹn."

"Ọjọ́ mélòó ni lẹ́tà ìyá mi fi wà lápò rẹ?"

Ó wo ilẹ̀. "Torí tìẹ ni mo ṣe ṣe é."

"Orí ìyá mi ni páànù yìí yẹ kó bò. Da gbogbo ẹ̀ padà sínú tipa. Mi ò níí fẹ́ ọ mọ́, Ọláoyè."