Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Ṣàfíù

Òjòwú ni wọ́n ń pè mí ní Ìwó. Ẹ bi wọ́n ní gáréèjì, wọ́n á ní Sàrátù ò lè fọkàn tán ọkọ ẹ̀, pé bí Ṣàfíù bá ti gbé lọ́rì onípákó ẹ̀ lọ Ìbàdàn, òun náà á ti gun iwájú. Kí wọ́n máa wí.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé bílẹ̀ bá ti ṣú, Ṣàfíù ò ríran dáadáa mọ́. Bí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá bà á lójú, gbogbo ọ̀nà di òkùnkùn fún un. Èmi ni mò ń sọ pé, "Ẹ fà sósì. Afárá rèé. Ọkọ̀ yẹn ti kọjá." Ó fi Kùránì mú mi búra pé n kò ní sọ fẹ́nikẹ́ni, torí ta ló máa gbé lọ́rì fún ẹni tí ò ríran? Mo búra, mo sì dá wà. Ta ni í bá òjòwú ṣọ̀rẹ́?

Àfi bó ṣe gbé Adùnọlá níyàwó. Ìyàwó ní òun ló kàn láti jókòó síwájú. Ojú ti Ṣàfíù láti sọ òtítọ́ fún un. Ó ní, "Sàrátù, jẹ́ kọ́mọ náà gbádùn." Háà! Ọkùnrin!

Nírọ̀lẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbéra, mo lọ bá wọn ní gáréèjì. Èrò ti kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo di ilẹ̀kùn iwájú mú.

"Adùnọlá, sọ̀ kalẹ̀."

"Ìyálé mi, owú yín yìí mà pọ̀ o!"

Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín.

"Owú kọ́! Ọkọ wa ò ríran lálẹ́. Èmi ni mò ń bá a wo ọ̀nà látọjọ́ yìí. Bóo bá lè ṣe é, jókòó."

Ẹ̀rín dá. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́rù wọn sọ̀ kalẹ̀. Ìbúra tí mo dà, èmi àti Ọlọ́run la jọ máa yanjú ẹ̀.

Ẹlòmíràn ló ń wa lọ́rì náà báyìí. Ṣàfíù ń roko ní Kuta, ó sì wà láàyè. Àmọ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Lálẹ́, bó bá fẹ́ jáde sẹ́yìnkùlé, á máa fọwọ́ wá ògiri lọ. Mo máa ń dìde lọ dì í lọ́wọ́ mú. Á fa ọwọ́ ẹ̀ yọ, á tún máa wá ògiri.